Òkè Ọ̀gá Àgbà

"Ilẹ̀ yìí lóyún."

Ìyá ìyàwó Jẹ́jẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró síwájú kàlẹ́ńdà tuntun tó wà lára ògiri yàrá ìjẹun, ife tíì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó sì fi ṣíbí ọwọ́ ọ̀tún tọ́ka sí àwòrán orí kàlẹ́ńdà náà bí olùkọ́ tó ń tọ́ka sí pátákó. Búrẹ́dì kún ẹnu Jẹ́jẹ́. Ó jẹ ẹ́ títí, ó gbé e mì, ó nu ètè kó tó dáhùn.

"Òkè ni, Mọ̀ọ́mi. Òkè abẹ́ ilẹ̀."

"Òkè abẹ́ ilẹ̀." Màmá pè é díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka orúkọ oògùn lára ìgò. "Ta ló ti débẹ̀ rí?"

"Kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí, mà. Kọ̀ǹpútà ló yà á."

"Kọ̀ǹpútà ti débẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Hẹ̀n-ẹ̀n," ni màmá wí, ó sì mu tíì rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ mọ "hẹ̀n-ẹ̀n" yìí dáadáa. Ó ti ń gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá náà ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó kan ìṣó mọ́ ògiri tí ìṣó náà wọ́. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó ra bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀, tó sì ní kò fún òun. Kò sí èébú nínú rẹ̀, kò sí ìbínú, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sóhun téèyàn lè fi fèsì.

Jẹ́jẹ́ kọ́ ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ní Ilé Iṣẹ́ Omi ni wọ́n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohùn rẹ̀ kéré débi pé, tó bá sọ̀rọ̀ nípàdé, àwọn tó jókòó kọjú sí i á máa bi ara wọn léèrè ohun tó wí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Òun ló ń fi kọ̀ǹpútà ya inú ilẹ̀. Láyé ọjọ́un, kí ènìyàn kankan tó wà, omi ńlá ló bo gbogbo àgbègbè náà. Omi yẹn ń gbé ẹrẹ̀ wá, ó ń gbé iyanrìn wá, ó ń tò wọ́n lé ara wọn ní ìpele-ìpele, títí èyí tó wà nísàlẹ̀ fi ki, tó le, tó di òkúta. Ìpele amọ̀ nípọn gan-an, omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Abẹ́ amọ̀ yìí ni ìpele iyanrìn kan wà, inú iyanrìn náà sì ni omi mímu gbogbo ìlú wà. Níbikíbi tí wọ́n bá ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n pàdé àti bó ṣe jìn tó sínú ìwé. Jẹ́jẹ́ á kó àwọn nọ́ńbà yẹn fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì na ìpele kọ̀ọ̀kan láti kànga kan dé èkejì, bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ sórí ibùsùn.

Kànga mẹ́tàdínlógún ló lò fún àwòrán tó wà lára kàlẹ́ńdà. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn ní iyanrìn wà ní nǹkan bí ọgọ́fà mítà sísàlẹ̀. Ẹyọ kan tó kù, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù ńlá, ní mítà mọ́kànlélógójì péré ni. Kọ̀ǹpútà kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé iyanrìn náà sókè níbẹ̀, ó sọ ọ́ di òkè rogodo kan tó ń dán, tó lẹ́wà, tó sì jọ ikùn aboyún oṣù mẹ́jọ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ tí Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ rí i, ara fu ú. Ó sọ ọ́ nípàdé. Ó ní, "Mo rò pé ó yẹ ká tún un wò." Ṣùgbọ́n fáànù ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tí akọ̀wé ìpàdé kọ sílẹ̀ ni pé inú Jẹ́jẹ́ dùn sí i gan-an. Ọ̀gá Àgbà Ilé Iṣẹ́ Omi ní tirẹ̀ ti dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. Omi tí kò jìn, ní ẹ̀yìn ọsibítù tí kò lómi! Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti fi oyè ara rẹ̀ sọ òkè náà lórúkọ: Òkè Ọ̀gá Àgbà. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà, oṣù méjìlá, òkè kan náà, àwọ̀ méjìlá. Oṣù Kìíní, òkè pupa. Oṣù Kejì, òkè aláwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé Oṣù Kejìlá, tó jẹ́ òkè aláwọ̀ wúrà.

Òní gan-an ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga náà. Wọ́n ti pe àlejò.

"Apá ibo ni oyún yìí wà nínú ìlú?" ni màmá tún béèrè.

"Ẹ̀yìn ọsibítù ńlá, mà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ tẹ́lẹ̀."

Màmá gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Kànga àwọn ọlọ́ṣẹ lo lò?"

"Òun ni, mà. Mítà mọ́kànlélógójì."

"Irin mọ́kànlélógójì."

"Mà?"

"Irin. Irin gígùn tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀. Tí ọ̀kan bá wọlẹ̀ tán, wọ́n á so òmíràn mọ́ ọn lórí. Ilé iṣẹ́ agbẹ́kànga wa kì í fi mítà ka kànga, irin la fi ń kà á. Irin kan, mítà mẹ́ta. Òjò pa wá lọ́jọ́ yẹn. Irin mọ́kànlélógójì ló gbà wá ká tó kan iyanrìn. Abẹ́ agboòrùn ni mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé akọ̀wé ni ìyá ìyàwó òun kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Màmá Akọ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Akọ̀wé níbo? Kò béèrè rí. Ó kàn máa ń fojú inú rí i nídìí tábìlì kan, tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Kò fojú inú rí i nínú ẹrẹ̀ rí.

Ó fi ìka ṣírò lórí tábìlì, láàárín èérún búrẹ́dì. Mọ́kànlélógójì lọ́nà mẹ́ta. Mẹ́tàlélọ́gọ́fà. Ó tún un ṣe, bóyá ìka ló ṣì í. Mẹ́tàlélọ́gọ́fà náà ni, ó bá ti àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù mu rẹ́gí. Ó gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà. Òkè náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán, kò mọ̀ pé òun ò sí.

"Mo rò pé ara mi ò yá," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ara rẹ yá. Wọ bàtà rẹ."

Kó tó wọ ẹsẹ̀ kan tán, màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé báàgì rẹ̀ sápá.

"Níbo lẹ ń lọ, mà?"

"Mo fẹ́ rí ìwé mi."

Jẹ́jẹ́ rò ó pé ohun kan ṣoṣo ló kù kí ọjọ́ náà bàjẹ́ tán. Nígbà tó fi máa jáde síta, ohun náà ti jókòó síwájú ọkọ̀, ó ti de bẹ́líìtì.

*

Yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ àwọn agbẹ́kànga sí ní Ilé Iṣẹ́ Omi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, kò ní fèrèsé. Jẹ́jẹ́ tan iná, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Fọtokọ́pì ló ń lò látọjọ́ yìí. Kò fọwọ́ kan ìwé náà fúnra rẹ̀ rí. Ìwé ńlá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, eruku bò ó. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó gbé e sórí tábìlì, ó wọ gíláàsì. Ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kọ́, bí ẹni tí kò dá lójú pé òun fẹ́ débi tí òun ń lọ.

Nígbà tó dé ojú ewé kànga àwọn ọlọ́ṣẹ, ó fi ìka lé e. Lókè ojú ewé náà pátápátá, ṣáájú ìlà àkọ́kọ́, ni ẹnìkan ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ gàdàgbà, ọwọ́ rẹ̀ gún régé: *Irin ni a fi ka gbogbo ìwọ̀n inú ìwé yìí. Irin kan jẹ́ mítà mẹ́ta.*

Jẹ́jẹ́ yọ fọtokọ́pì tirẹ̀ nínú àpò. Ẹni tó ṣe é kò tẹ́ ìwé náà dáadáa. Ẹ̀rọ ti fá orí ojú ewé náà bí onígbàjámọ̀. Yíǹkì pupa ò sí níbẹ̀ rárá. Nọ́ńbà nìkan ló kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà sì ni ẹnìkan ti fi bírò kọ "mítà". Jẹ́jẹ́ mọ ẹni náà. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Màmá tẹjú mọ́ ìlà pupa náà pẹ́ títí. Ó mí kanlẹ̀.

"Hẹ̀n-ẹ̀n," ló wí, ó sì pa ìwé náà dé.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Jẹ́jẹ́ wọ eegun. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìyá yìí ń fi òun yọ̀.

*

Ó ti lé ní aago mẹ́wàá kí wọ́n tó dé ẹ̀yìn ọsibítù. Ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ nà ró gangan lórí ọkọ̀ ńlá kan, ó ń pariwo, ẹrẹ̀ sì ń ṣàn lẹ́nu ihò bọ́ sínú kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ta àtíbàbà méjì. Àwọn nọ́ọ̀sì tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Iṣẹ́ Omi àti ìgbìmọ̀ ọsibítù ti jókòó, gbogbo wọn dé fìlà funfun tí wọ́n tẹ òkè aláwọ̀ wúrà sí níwájú. Ọ̀gá Àgbà wọ kóòtù tuntun, ó mú máìkì dání. Ó ti ń sọ̀rọ̀ láti aago mẹ́sàn-án.

"Òkè mi yìí," ló ń wí, "ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa! Ilé Iṣẹ́ Omi ló ń dúró dè!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan gbé fìlà wá fún Màmá Akọ̀wé. Màmá wo àwòrán iwájú rẹ̀, ó wo àga ike tí ìrì ti rin, ó tẹ́ fìlà náà sórí àga, ó sì jókòó lé e.

Jẹ́jẹ́ lọ bá olórí àwọn agbẹ́kànga. Kò-kánjú ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, àgbàlagbà tó jẹ́ pé tó bá ń rìn bọ̀, ìwọ tó ò ń dúró dè é á ti rẹ̀ kó tó dé.

"Irin mélòó nìyẹn, sà?"

"Ìkẹrìnlá ti wọlẹ̀ tán."

Mítà méjìlélógójì. Ó yẹ kí wọ́n ti kan òkè. "Kí lẹ rí?"

"Amọ̀."

"Irú amọ̀ wo, sà?"

Kò-kánjú ronú sí i. "Amọ̀," ló wí.

Ọ̀gá Àgbà ti rí wọn. Ó ní kí wọ́n pín bísíkíìtì fún àlejò, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Jẹ́jẹ́! Ṣé a ti dé téńté orí òkè mi?"

"Ọ̀gá, kò sí òkè."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kò sí òkè, sà."

"Ẹ̀rọ ń pariwo, ọkùnrin yìí, sọ̀rọ̀ sókè!"

Jẹ́jẹ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò mókè. Ó bá yọ bírò, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, KÒ SÍ ÒKÈ, ó sì na ọwọ́ náà sókè sí ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà rò pé ìdùnnú ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ gbá a tayọ̀tayọ̀, gbà-á! Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbá a kó tó kà á.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà. Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé irin, ó ṣàlàyé mítà, ó fi fọtokọ́pì tí ẹ̀rọ ti fá lórí hàn án. Ọ̀gá Àgbà fi kóòtù tuntun jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Mo ti fi kàlẹ́ńdà ránṣẹ́ sí ìyá mi," ló wí. Ohùn tiẹ̀ náà ti wá kéré. "Ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn."

"Ẹ má bínú, sà."

Ọ̀gá Àgbà nu ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ là. "Ta ló kọ ìwé yẹn?"

"Akọ̀wé kan ni, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Akọ̀wé ló ṣì í kọ!"

"Kò ṣì í kọ, sà."

"Akọ̀wé ayé àtijọ́! Á ti kú báyìí, kò sì ní bínú sí wa. Wàá lọ ṣàlàyé fún Dókítà Àgbà pé akọ̀wé kan tí kò mọ ìṣirò ló kó wa sí wàhálà. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí, ìwọ ni wọ́n máa gbà gbọ́. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Jẹ́jẹ́, ẹnìkan nínú àwa méjèèjì máa wá iṣẹ́ mìíràn lọ́la, èmi kọ́ sì ni." Ó dìde, ó gbọn ìdí kóòtù, ó sì ki máìkì bọ Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́.

Wọ́n pa ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ kí àlejò lè gbọ́ràn. Dókítà Àgbà, obìnrin tó ń darí ọsibítù náà, jókòó níwájú. Ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tí oorun ń jẹ ní gbèsè. Kànga ọsibítù ti gbẹ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbé omi gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá ìgbẹ̀bí. Ó ti ṣí fìlà tí wọ́n fún un, ó dojú rẹ̀ sókè lórí itan, ó kó bírò mẹ́ta sínú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Kí ló wí?" Àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi àwọn tó wà níwájú.

"Ó ní a káàárọ̀."

Jẹ́jẹ́ gbé máìkì sún mọ́ ẹnu débi pé ètè rẹ̀ kàn án. "Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀," ló wí, ohùn náà sì bú jáde nínú àpótí ohùn méjèèjì tó fi já òun fúnra rẹ̀ láyà. "Ìwé àtijọ́ kan wà tí a lò. Akọ̀wé kan ló kọ ọ́, ó ti pẹ́..."

Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló kù. Tó bá sọ ọ́, ó ti bọ́. Á padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́la, kò sì sẹ́ni tó máa wá a kàn. Níbi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìlà kẹta.

Bísíkíìtì wà lẹ́nu Màmá Akọ̀wé, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ mọ́. Kò wojú Jẹ́jẹ́, kò fajú ro. Iwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ ka èsì ìdánwò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì.

"Akọ̀wé náà ò ṣàṣìṣe kankan," ni Jẹ́jẹ́ gbọ́ tí ohùn ara rẹ̀ wí. "Ohun tó rí ló kọ, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Irin mọ́kànlélógójì ló kọ. Èmi ni mo pè é ní mítà mọ́kànlélógójì. Èmi ni mi ò lọ wo ìwé gan-an. Kò sí òkè lábẹ́ ilẹ̀ yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ síbẹ̀." Ó mí. Ó rí i pé òun ò tíì kú, ó bá kúkú parí rẹ̀. "Akọ̀wé náà ò sì tíì kú o. Òun ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn. Ìyá ìyàwó mi ni."

Gbogbo orí yí sí ìlà kẹta. Màmá Akọ̀wé gbé bísíkíìtì mì. Ó dìde díẹ̀, ó kí wọn, ó sì jókòó padà sórí òkè.

Lọ́kọ̀ọ̀kan, láìpariwo, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fìlà wọn.

Dókítà Àgbà nawọ́ sókè. "Ṣé omi wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà, mà. Ó jìn ni."

"Ó jìn tó báwo?"

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ẹ gbà á. Òkè ò kàn mí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lánàá ni mo fẹ́ wẹ̀."

Jẹ́jẹ́ ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lórí tábìlì àwọn àlejò, láàárín páálí bísíkíìtì. Ó pa mọ́kànlélógójì rẹ́, ó kọ mẹ́tàlélọ́gọ́fà, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà tún ilẹ̀ yà. Ọ̀gá Àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó. Òkè náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ń jáde nínú rẹ̀, títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀gá Àgbà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mítà mọ́kàndínlọ́gọ́fà, níbi tí ẹ̀rọ dúró sí gan-an," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Nínú irin ogójì."

"Ogún irin péré la kó wá!" Ọ̀gá Àgbà ti rí ohun tó lè gbá mú. "Ọgọ́ta mítà! Òkè la wá gbẹ́!"

Gbogbo wọn wo Kò-kánjú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ìka kan lẹ́yìn èkejì. "Ọgbọ̀n mìíràn wà nínú ọkọ̀ kejì," ló wí. "Ó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kó wọn wá?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ilẹ̀ ti bá yín ṣàdéhùn rí ni?"

*

Nígbà tó di ọ̀sán, púpọ̀ nínú àlejò ti lọ. Màmá Akọ̀wé ò lọ. Ó gba bírò kan nínú fìlà Dókítà Àgbà, ó gba páálí bísíkíìtì kan, ó fà á ya, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń kọ irin sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlẹ̀. Òun àti Kò-kánjú jà nídìí irin kejìdínlọ́gbọ̀n. Kò-kánjú ní ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n ni. Wọ́n lọ ka èyí tó kù nínú ọkọ̀. Ìkejìdínlọ́gbọ̀n ni. Látìgbà náà lọ, kí Kò-kánjú tó so irin tuntun, á kọ́kọ́ wojú màmá.

Amọ̀ ni irin ọgbọ̀n. Amọ̀ ni márùndínlógójì. Jẹ́jẹ́ ò lè jókòó, kò lè dúró. Ó ti sọ nọ́ńbà kan lórí máìkì, nọ́ńbà náà sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí irin kọkàndínlógójì ṣe wọlẹ̀ tán tó sì jẹ́ pé amọ̀ náà ni, ó rìn lọ sẹ́yìn àtíbàbà, ó dúró síbẹ̀, ó ń ka okùn tí wọ́n fi dè é.

Irin ogójì ti wọ ìdajì kọjá nígbà tí ìró ẹ̀rọ yí padà. Ó ti ń kùn hùn-ùn-ùn látàárọ̀. Ó wá ń dún hàrà-hàrà, bí ẹni tó ń jẹ ṣúgà. Kò-kánjú ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ tó ń jáde, ó bù ú, ó fi omi ṣàn án, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó sì là á síwájú Jẹ́jẹ́. Ohun tó kù níbẹ̀ funfun, ó rí wínníwínní, ó ń tàn nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́.

Jẹ́jẹ́ fi ìka kan kàn án. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń ya iyanrìn yìí, àwọ̀ ìyeyè ló máa ń kùn ún. Ó ṣe é bíi pé kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Irú iyanrìn wo nìyí, sà?" ló béèrè.

"Èyí tó dáa," ni Kò-kánjú wí. Ọ̀rọ̀ tó sọ gùn jù lọ́jọ́ náà nípa ohun tó ń jáde nínú ihò nìyẹn.

Ó ku kí wọ́n ti páìpù bọ̀ ọ́, kí wọ́n fọ inú rẹ̀. Ọjọ́ bíi mẹ́rin ṣì kù kí omi tó dé yàrá ìgbẹ̀bí. Síbẹ̀, Dókítà Àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá wo iyanrìn náà. Ó bu díẹ̀ sínú ìbọ̀wọ́ kan, ó dì í lẹ́nu, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá Àgbà ló padà wá kẹ́yìn, kò dé fìlà. Ó dúró ti Jẹ́jẹ́, ó ń fi bàtà ti òkúta wẹ́wẹ́ kiri.

"Ìpele iyanrìn tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn," ló wí. "Ó fẹ̀ tó báwo?"

"Ó gba abẹ́ gbogbo ìlú kọjá, sà."

"Gbogbo ìlú." Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn díẹ̀díẹ̀. "Ṣé ó ti lórúkọ?"

"Rárá, sà."

"Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la, kó o mú un wá sí ọ́fíìsì mi." Ó ti lọ díẹ̀ kó tó tún yíjú padà. "Ní àwọ̀ méjìlá."

*

Nínú ọkọ̀, Màmá Akọ̀wé gbé páálí bísíkíìtì tó kọ ọ̀rọ̀ sí lé itan. Ó ti fi bírò fa ìlà sí i, ó kọ irin ogójì síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé irin kan jẹ́ mítà mẹ́ta. Jẹ́jẹ́ ti mú kọ́kọ́rọ́ dání, kò tíì ṣáná sọ́kọ̀.

"O lè sọ pé èmi ni," ni màmá wí.

"Ẹ̀yin kọ́, mà."

"Mo ti mọ̀ báyìí. Mi ò mọ̀ láàárọ̀." Iwájú ló ń wò. "Mo mọ̀ pé irin ni. Mo mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé mo kọ ọ́ síbẹ̀? Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́, orí àgbà sì ti dé. Àtìgbà tó o ti ní mítà ni mo ti ń bi ara mi. Mo ní tó bá lọ jẹ́ pé mi ò kọ ọ́ ńkọ́? Odindi ọsibítù. Àti ìwọ náà." Ó tún páálí náà tẹ́, kò sì sóhun tó ṣe é tẹ́lẹ̀. "Mo ní kí n fojú ara mi rí i kí wọ́n tó lé ẹ."

Láti àárọ̀ ni Jẹ́jẹ́ ti ń wakọ̀ káàkiri pẹ̀lú ìyá yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rò pé òun nìkan ni ẹ̀rù ń bà nínú ọkọ̀.

"Mọ̀ọ́mi," ló wí, "kànga wo lẹ kọ́kọ́ kọ?"

Màmá yíjú wò ó, bóyá ó ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé kò ṣàwàdà, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ti àkọ́kọ́? Irin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, a ò rí omi tó tó fi fọ ẹnu." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Mo sunkún délé lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́ ni."

Jẹ́jẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ sórí ẹsẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń gbọ́ ọ.